Àgbéyẹ̀wò gọ́tà PVC àti táńkì 2,000 lítà fún omi òjò ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ máa gba omi òjò sílé ní Abẹ́òkúta, gọ́tà ni kó kọ́kọ́ náwó lé, kó tó kan táńkì. Ètò tí mo ń yẹ̀ wò níbí ni gọ́tà PVC lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan òrùlé, páìpù ìnṣì 4 tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀, ohun tó ń gba omi àkọ́kọ́ tó fọ ìdọ̀tí òrùlé dànù, àti táńkì dúdú oníike 2,000 lítà lórí ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù. Odidi ni púlọ́ńbà ń tà á, òun náà ló sì ń gbé e kalẹ̀. Ara táńkì náà dára, kò sí àríwísí lórí ike rẹ̀. Gọ́tà dára bí wọ́n bá so ó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba omi àkọ́kọ́ kéré jù fún òrùlé wa, ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀ ara táńkì náà sì kéré jù. Ibi méjì yìí ni omi òjò ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, tí wọ́n á fi ní omi òjò kò dára.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí òrùlé tó jẹ́ síkúéà mítà 1, lítà omi 1 ni. Ilẹ̀ tí òrùlé bò lẹ ó wọ̀n, ẹ má wọn gígùn páànù tó dàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé tí mo ń sọ gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 5, ìyẹn síkúéà mítà 60. Òjò mílímítà 20, tí kì í ṣe òjò ńlá rárá, yóò fún un ní 1,200 lítà. Ẹ yọ ìdá márùn-ún kan kúrò fún èyí tó ta sílẹ̀, èyí tí páànù fà gbẹ àti èyí tí a dà nù: ó kù 960. Òjò bẹ́ẹ̀ méjì ti fẹ́ẹ̀ kún táńkì.

Nǹkan bí mílímítà 1,200 ni òjò tó ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún, láti oṣù Ẹrẹ́nà dé Ọ̀wàrà, pẹ̀lú ìdákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Òrùlé síkúéà mítà 60 yìí lè gba ju 55,000 lítà lọ nínú rẹ̀. Táńkì 2,000 lítà kò lè gbé gbogbo rẹ̀, àkúnwọ́sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò bá lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé táńkì kan yóò gbé yín la ẹ̀ẹ̀rùn já. Èèyàn márùn-ún tó bá ń lo lítà 12 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan fún mímu àti oúnjẹ nìkan, lítà 60 lójúmọ́ ni. Táńkì yóò tó wọn fún ọjọ́ 33. Bí wọ́n bá fi ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ kún un, tó di lítà 200 lójúmọ́, ọjọ́ 10 ló kù. Ohun tí táńkì yìí ń ṣe dáadáa ni pé ó ń gbé èèyàn la ìdákẹ́ òjò oṣù Ògún já, ó sì ń jẹ́ kí owó omi tí à ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà wálẹ̀ gan-an láti Igbe títí dé Ọ̀wàrà. Fún ìlú yìí, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Orí àpáta la wà: bọ́hòlù tí wọ́n bá gbẹ́, inú ojú àpáta tó sán ni omi rẹ̀ ti ń wá, ilé méjì tó fara kanra sì lè gbẹ́ ẹ, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì má rí. Àpáta yìí kan náà ni kò jẹ́ kí n gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbẹ́ táńkì sínú ilẹ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀.

Ó yá, gọ́tà. Ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ dúró tì púlọ́ńbà lé lórí. Mílímítà 5 ní mítà kan ló yẹ. Mítà 12 yóò wá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6 láti ìpẹ̀kun kan dé ibi tí páìpù wà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ojú wò ó, wọn kì í ta okùn. Ẹ ní kí wọ́n ta okùn, kí wọ́n fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kan ìkọ́ kankan mọ́ fásíà, ìyẹn pákó etí òrùlé. Bí ó bá tẹ́jú, omi á dúró nínú rẹ̀, ewé á rà síbẹ̀, ẹ̀fọn á sì yé ẹyin sí i. Ìkọ́ gọ́tà kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Àwọn tó ń fi mítà kan sáàárín wọn ni gọ́tà wọn ń tẹ̀ bí ó bá kún fún omi. Kí ẹnu páànù yọ sínú gọ́tà tó bí ìdá mẹ́ta kan ìbú rẹ̀. Bí kò bá yọ tó, omi òjò kékeré á máa gba ara fásíà sọ̀. Bí ó bá yọ jù, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò ńlá á fò kọjá gọ́tà.

PVC ń gùn bí oòrùn bá pa á. Gọ́tà mítà 12 lè fi bí sẹ̀ǹtímítà 2 gùn láàárín òwúrọ̀ tútù àti ọ̀sán gangan. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ pa, kí ó retí pé yóò sán. Oríkèé tó ní rọ́bà nínú ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀pá méjì ti pàdé. Gọ́tà yìí ní rọ́bà, kò sì jò. Mo fi ìyẹn yìn ín.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn lórí páànù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí òjò kò rọ̀ ló ń kó ìgbẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ aláǹgbá, eruku ọ̀nà pupa àti ewé jíjẹrà wá. Ó kéré tán, ẹ da ìdajì lítà nù lórí síkúéà mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ilé yín bá wà létí títì tí wọn kò dá ọ̀dà sí, tàbí lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ sọ ọ́ di lítà kan. Fún síkúéà mítà 60, láti lítà 30 dé 60 nìyẹn. Ohun tí ó bá ètò yìí wá ni páìpù ìnṣì 4 tó gùn ní mítà kan ó lé díẹ̀, tí wọ́n dí nísàlẹ̀. Páìpù ìnṣì 4 kì í gbà ju bí lítà 8 lọ ní mítà kan. Lítà mẹ́sàn-án dípò ọgbọ̀n! Omi tó dé táńkì ṣì pọ́n, ó sì ní òórùn.

Dúrọ́ọ̀mù oníike 60 lítà tó ní ìdérí líle la fi rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Páìpù tó ń ti gọ́tà bọ̀ dé oríta onímẹ́ta. Apá kan ń lọ sí táńkì, apá kan ń sọ̀ kalẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù. Níbi tí ó ti wọ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n dín in kù sí ìnṣì 3, bọ́ọ̀lù oníike tó tóbi ju ẹnu ìnṣì 3 náà lọ sì wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí omi ẹlẹ́gbin bá ti kún un, bọ́ọ̀lù á léfòó, á lọ dí ẹnu páìpù, omi tó tẹ̀ lé e á sì yà sí táńkì. Ní ìdí dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ omi kékeré kan wà tí a ṣí díẹ̀ kó lè máa kán, kí dúrọ́ọ̀mù ti gbẹ kí òjò mìíràn tó dé. Àwọn kan máa ń lu ihò mílímítà 2 dípò ẹ̀rọ omi. Yanrìn máa ń dí i, dúrọ́ọ̀mù á sì kún sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, gbogbo ìdọ̀tí òjò tó tẹ̀ lé e á wá wọ táńkì. Ẹ fi ẹ̀rọ omi sí i.

Òjò àkọ́kọ́ oṣù Ẹrẹ́nà yàtọ̀. Eruku ọyẹ́ ti ń bà lórí páànù láti Ọ̀pẹ̀, dúrọ́ọ̀mù kankan kò lè gbà á tán. Ẹ yọ páìpù kúrò lẹ́nu táńkì, kí ẹ jẹ́ kí òjò méjì àkọ́kọ́ lọ pátápátá.

Irú páànù tí ẹ ní náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Álúmínọ́ọ̀mù ló dára jù. Páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà, irú èyí tó pọ̀ lápá Ìtókò àti Àké, omi rẹ̀ á máa pọ́n, á sì máa sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ ìpẹtà. Ẹ fi fọ ilẹ̀, ẹ fi da ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má mu ún. Ibi tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà dúdú lẹ ihò páànù, omi ibẹ̀ kò yẹ fún mímu.

Táńkì ni mo lè yára sọ. Ẹ ra dúdú, nítorí èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọ inú rẹ̀ yóò hu ewédò. 2,000 lítà omi wúwo tó 2,000 kílò, nítorí náà kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọnkéré dí inú rẹ̀, pẹ̀lú kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 10 lórí rẹ̀, kó tẹ́jú, kó sì fẹ̀ ju ìdí táńkì lọ. Ike tí apá kan ìdí rẹ̀ bá wà lófuurufú á ya. Sẹ̀ǹtímítà 60 tó fún gíga, kí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lè dúró sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n kò tó fún ṣáwà. Ẹ̀rọ omi kò gbọdọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sókè ni, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sinmi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìdènà ọ̀tọ̀ sí ìdí fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Kí páìpù tó ń gbé omi wọlé gùn dé nítòsí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ẹ́líbò (oríkèé páìpù tó tẹ̀) méjì yí ẹnu rẹ̀ sókè. Omi tuntun kò ní máa ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sókè mọ́.

Àkúnwọ́sílẹ̀ tí ó bá a wá jẹ́ ìnṣì 1. Ìyẹn ṣe mí ní kàyéfì. Bí òjò bá ń rọ̀ ní mílímítà 60 ní wákàtí kan, síkúéà mítà 60 ń rán lítà 60 wọ táńkì ní ìṣẹ́jú kan. Páìpù ìnṣì 1 kò lè gbé e jáde, omi á wá gba ẹnu ìdérí tú sára ògiri. Ìwọ̀n tí ó wọlé náà ni kó fi jáde: ìnṣì 4. Nílùú olókè bíi tiwa, ẹ má jẹ́ kí omi yìí já sílẹ̀ lásán, ìpìlẹ̀ ará ilé tó wà nísàlẹ̀ ni yóò máa gbẹ́. Ẹ gbé e dé ojú àgbàrá tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn gbọdọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé àti lẹ́nu àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ya, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni tanwíji yóò ti máa jó nínú omi. Ẹ má da kẹrosíìnì sí omi tí èèyàn ń lò. Ẹ dí ihò náà, kí ẹ sì fi aṣọ funfun sẹ́ omi. Asẹ́ wáyà tó ní ihò bíi mílímítà 5 ni kó wà lẹ́nu gọ́tà fún ewé. Lóṣooṣù ni kí ẹ kó o nígbà òjò.

Omi náà fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Kò le, ọṣẹ díẹ̀ ń hó dáadáa, kẹ́tùlù kì í sì í dá èèpá funfun sínú. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó mọ́ lójú tó, a kì í mu ún bẹ́ẹ̀. Ẹ sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi oògùn sí gbogbo táńkì, kó lo omi bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, tí wọ́n kọ 3.5% sodium hypochlorite sí lára: mìlílítà 115 fún táńkì tó kún dé 2,000 lítà, ẹ rò ó pọ̀, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí táńkì bá wà ní ìdajì, ìdajì oògùn ni.

Nínú mẹ́wàá, táńkì gba 9, gọ́tà gba 7, ohun tó ń gba omi àkọ́kọ́ bó ṣe ti ilé ìtajà wá gba 2. Bí owó bá wà fún àfikún lẹ́yìn èyí, ẹ ra táńkì kejì tí ó ga bákan náà, kí ẹ gbé e sórí ìpìlẹ̀ kan náà, kí ẹ fi páìpù ìnṣì 1½ tó ní ìdènà láàárín so ìdí méjèèjì pọ̀. Omi á máa dọ́gba nínú wọn, ẹ sì lè pa ìdènà láti fọ ọ̀kan nígbà tí èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́.