Èyí tó ń báni kọ́ ápù, èyí tó ń báni kọ kóòdù: ìfiwéra fún iléeṣẹ́ sọ́fítíwia ẹlẹ́ni méjì

Ẹni tí mo kọ èyí fún ni ẹni tó ní iṣẹ́ kan lọ́kàn, tó ní kọ̀ǹpútà, tó ní ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe é, tí kò sì sí olówó kankan lẹ́yìn wọn. Irú wọn ni ìlérí AI dùn mọ́ jù: pé iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́wàá ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹni méjì lè ṣe é báyìí. Irọ́ kọ́ pátápátá. Ohun tó kù ni pé irinṣẹ́ wo ni kí wọ́n fowó rà.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Oríṣi kìíní ni àwọn tó ń báni kọ́ ápù látòkè délẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù: Lovable, Bolt, Replit. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́, wọn á kọ kóòdù, wọn á ṣe database (ibi tí ápù ń kó dátà sí), wọn á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè má fojú kan kóòdù náà rárá. Oríṣi kejì ni àwọn tó ń jókòó ti ẹni tó ń kọ kóòdù lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀: GitHub Copilot, Cursor, Claude Code. Owó ara mi ni mo fi lo oríṣi méjèèjì. Ti kejì ni mo ṣì ń sanwó fún, kí ẹ mọ ibi tí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ dúró sí.

N kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún yín pé èyí gbọ́ Python, tọ̀hún gbọ́ JavaScript. Gbogbo wọn ló gbọ́ èdè kóòdù méjèèjì.

Owó, àti bí wọ́n ṣe ń kà á

Iye tí wọ́n kọ síta sún mọ́ra. Ní 2025, Copilot ti ẹnì kan jẹ́ dọ́là 10 lóṣù, Cursor Pro jẹ́ 20, Claude Code wà nínú Claude Pro ti dọ́là 20, Lovable Pro jẹ́ 25, Replit Core náà 25 fún ẹni tó bá ń san án lóṣooṣù. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Ní 2025 ó ti wà ní àyíká ₦1,500. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò: bí ẹ bá ń ta ọjà yín ní ₦5,000, Paystack, iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, ìyẹn ₦175, ₦4,825 ló máa wọlé. Oníbàárà mẹ́jọ ló máa san owó oṣù kan fún irinṣẹ́ dọ́là 25. Mẹ́rin á san ti dọ́là 10, ṣéńjì á tún kù.

Ṣùgbọ́n iye yẹn kọ́ ló ń pa èèyàn. Ohun tí wọ́n ń kà ni. Lovable ń ka kírẹ́díìtì. Bolt ń ka token, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí AI ń kà tàbí tó ń kọ. Replit ń gba sẹ́ńtì 25 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí Agent rẹ̀, ìyẹn AI rẹ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́, bá parí, títí di àárín 2025 tó yí i padà sí kí owó máa tẹ̀ lé bí iṣẹ́ náà bá ṣe pọ̀ tó. Orúkọ yàtọ̀, ìṣirò abẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. AI kì í rántí ohun tó kọ lánàá. Kó tó tún ohunkóhun ṣe, ó ní láti tún kóòdù yín kà, ohun tó bá sì kà wà lára ohun tí ẹ máa sanwó fún. Nígbà tí ápù yín ṣì ní ojú-ewé mẹ́ta, kò sí wàhálà. Tó bá ti di ọgbọ̀n, ẹ lè ní kó yí àwọ̀ bọ́tìnì kan padà, kó ka fáìlì rẹpẹtẹ kó tó débẹ̀. Bí ápù ṣe ń dàgbà ni owó rẹ̀ ń dàgbà, nígbà tí oníbàárà kankan kò tíì san kọ́bọ̀.

Àtúnṣe ló wá burú jù. Ọ̀kan nínú oríṣi kìíní tí mo lò, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ni mo ní kó so Paystack mọ́ ápù tí àwọn olùkọ́ àfikún ẹ̀kọ́ (lesson) máa fi gba owó lọ́wọ́ òbí. Kọ́bọ̀ ni Paystack fẹ́ kí a fi iye owó ránṣẹ́, kì í ṣe náírà: ₦5,000 ní láti jẹ́ 500000. Irinṣẹ́ náà fi 5000 ránṣẹ́. Nínú ìdánwò, òbí san ₦50, ápù sì kọ ọ́ pé ó ti san tán. Mo ní kó tún un ṣe. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun ti tún un ṣe, ó yọ kírẹ́díìtì. Ó ti sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lóòótọ́, àmọ́ níbi méjì, ₦5,000 wá di ₦500,000. Mo tún pè é, ó yọ ìlọ́po méjèèjì kúrò, a padà sí ₦50, kírẹ́díìtì tún lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìsọfúnni tí Paystack fi ń sọ pé owó ti wọlé kò gbà mọ́. Paystack máa ń buwọ́ lu ìsọfúnni yìí, àmì náà wà nínú x-paystack-signature, kóòdù yín ló ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà pé Paystack ló rán an. Ẹ mọ ohun tí irinṣẹ́ yìí ṣe? Ó yọ àyẹ̀wò náà kúrò. Gbogbo rẹ̀ wá ń ṣiṣẹ́ wẹ́kú, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ àdírẹ́sì wa lè ránṣẹ́ pé òun ti sanwó. Ó gba kírẹ́díìtì fún ìyẹn náà.

Oṣù kò tíì dé ìdajì tí kírẹ́díìtì fi tán. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn ni pé iṣẹ́ tí AI bá ṣe ni àwọn ń gba owó fún, bó dára bí kò dára. Ẹ ò lè pè é ní jìbìtì, torí ó wà nínú àdéhùn tí gbogbo wa tẹ "mo gbà" sí. Ẹni tí wọ́n ti gbé owó iná àfojúdíwọ̀n wá bá nílé, tó wá ra mítà prepaid lẹ́yìn rẹ̀, á mọ ìdí tí mo fi ń béèrè ohun kan ṣáájú báyìí: tí èyí tí mo san bá tán, ṣé á dúró, àbí á máa kà lọ?

Bí mo bá fẹ́ ṣe òdodo, oríṣi kejì náà kò mọ́ tónítóní. Ní oṣù kẹfà 2025 ni Cursor kúrò lórí ìbéèrè 500 lóṣù bọ́ sórí lílò iye dọ́là 20. Owó àìròtẹ́lẹ̀ já lu àwọn èèyàn, ariwo ta, ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì ní òun á dá owó padà fún àwọn tó kàn. Anthropic, iléeṣẹ́ tó ni Claude Code, náà fi òdiwọ̀n ọ̀sẹ̀ lé Claude Code ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ìyẹn ń dunni lọ́nà tirẹ̀, torí ó lè dá yín dúró nígbà tí iṣẹ́ ń lọ geere. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: ó dá yín dúró ni, kò wọ àpò yín. Copilot ló ṣe èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ní oṣù kẹfà 2025, ìbéèrè 300 sí AI ńlá ni wọ́n fi sínú dọ́là 10 rẹ̀, àfikún jẹ́ sẹ́ńtì mẹ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òdo ni wọ́n fi owó àfikún sí àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín yí i. Tí 300 bá tán nígbà náà, á padà sí AI kékeré, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Káàdì ńkọ́? Ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dáwọ́ káàdì náírà dúró fún ìnáwó òkè òkun; 2025 ni àwọn kan tún ṣí i. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Tí káàdì oríṣi kejì kò bá lọ, olùrànlọ́wọ́ yín ló lọ, kóòdù yín wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ápù yín wà níbi tí ẹ gbé e sí. Fún oríṣi kìíní, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: bí owó oṣù yìí kò bá wọlé, ṣé ápù mi ṣì máa ṣí fún oníbàárà? Kí ẹ gba èsì náà ní àkọsílẹ̀.

Ìyókù

Ìyára: oríṣi kìíní ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Ohun tí ẹ fẹ́ fi han ẹnì kan lọ́jọ́ Ajé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Gbígbé kóòdù jáde: àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ ló ń jẹ́ kí ẹ gbé kóòdù lọ sí GitHub, ibi tí àwọn olùkọ kóòdù ń tọ́jú kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Database àti orúkọ ìwọlé àwọn oníbàárà ni kì í rọrùn láti kó.

Ààbò: ní 2025 ni wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ápù tí Lovable kọ́ fi tábìlì wọn nínú Supabase, database tí wọ́n ń lò, sílẹ̀ láìtì, ẹni tí kò wọlé lè ka dátà àwọn oníbàárà. Wọ́n fún àbùkù náà ní nọ́ńbà, CVE-2025-48757. Oṣù keje ọdún kan náà ni Agent Replit pa database Jason Lemkin, ọ̀gá SaaStr (àwùjọ àwọn oníṣòwò sọ́fítíwia), rẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀gá Replit tọrọ àforíjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya database ìdánwò sọ́tọ̀ sí ti oníbàárà. Oríṣi kejì lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ máa rí ìlà kóòdù tó yí padà kí ẹ tó gbà á wọlé. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kò ní bi yín bóyá AI ló kọ ọ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì: gbogbo wọn ló nílò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, 14 oṣù kẹta 2024, ẹni tí kóòdù rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ṣì lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Èdè Yorùbá: tí ápù yín bá máa gba orúkọ alámì, ẹ ṣọ́ oríṣi méjèèjì. Nínú Unicode, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń so pọ̀, nítorí náà orúkọ kan náà tí èèyàn méjì tẹ̀ lórí fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè má bára mu nínú ìwákiri. Ẹ ní kó sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan náà tí gbogbo rẹ̀ á fi máa bára mu, kó tó tọ́jú rẹ̀. Kò sí èyí tó rántí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àti pé àmì ohùn máa ń fọ́ ọ̀rọ̀ sí token tó pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fi Yorùbá gidi bá irinṣẹ́ tó ń ka token sọ̀rọ̀ ń san jù. Ìyà yẹn kò tọ́ sí wa, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn.

Ṣé ó ń yára lóòótọ́? METR, àjọ kan tó ń ṣèwádìí nípa AI, dán an wò ní 2025 pẹ̀lú olùkọ kóòdù 16 tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ àti iṣẹ́ 246. Àwọn tó lo AI fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra sí i, bẹ́ẹ̀ wọ́n rò pé àwọn fi 20 yára. Kóòdù ńlá tí wọ́n ti mọ̀ dunjú ni wọ́n ń tún ṣe. Ápù tuntun yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹ má fi ìyára nìkan ra irinṣẹ́.

Ta ni kó ra èwo

Bí kò bá sí ẹni tó lè ka kóòdù láàárín yín, ẹ ra oríṣi kìíní, fún oṣù kan, kí ẹ fi ṣe ohun tí ẹ máa fi han èèyàn. Lovable tàbí Bolt tó fún ìyẹn. Stripe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí fún ìsanwó, iléeṣẹ́ tó sì forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò lè ṣí Stripe tààrà, torí náà ẹ ti sọ Paystack tàbí Flutterwave láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó oníbàárà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ wá ẹni tó lè ka kóòdù kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹnì kan bá wà, kódà tó bá jẹ́ pé ọdún kan péré ló fi kọ́ ọ, oríṣi kejì ni kí ẹ rà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Copilot dọ́là 10, ẹ fi owó àfikún sílẹ̀ sí òdo, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ìdánwò Paystack ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́: san ₦5,000, kí ẹ wò ó bóyá ₦5,000 ló wọlé, kí ẹ fi àmì ayédèrú ránṣẹ́, kí ẹ wò ó bóyá á kọ̀ ọ́. Tí òdiwọ̀n rẹ̀ bá ń há yín mọ́ra, Claude Code tàbí Cursor ló kàn. Oríṣi kìíní ṣì wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ tètè ya àwòrán ojú-ewé tuntun. Èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ tó fún un.

Owó ọdọọdún tí wọ́n ń polówó pé ó dínwó, ẹ fi sílẹ̀ ná. Láàárín 2025 nìkan, Cursor, Replit, Copilot àti Claude Code ló yí ohun tí owó oṣù ń rà padà, ẹni tó sì ń san lóṣooṣù lè bọ́ sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.