Àyẹ̀wò itọ́ tó ń wá orírun ẹni

Láti Òṣogbo ni mo ti fi itọ́ mi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní òkè òkun, kí wọ́n fi DNA inú rẹ̀ wá orírun mi. Itọ́ náà gbọ́dọ̀ kan ìlà tó wà lára ìgò, wọn kì í sì í ka ìfófòó mọ́ ọn. Ọ̀fun mi gbẹ kí ó tó kún. Èsì pín mi sí Nàìjíríà àti Benin, bí ẹni pé Kétu tó wà ní Benin kì í ṣe ìlú Yorùbá. Lóòótọ́, iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ tó wà nínú DNA àwọn ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn, ṣùgbọ́n èsì tèmi kò mọ Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́, èyí tí oríkì ìyá bàbá mi ti yanjú tipẹ́. Owó rẹ̀ wọ́n jù fún èyí.