Bóòtù 8.8 tí mo rà ní Ládípọ̀

Bóòtù M10 (ìyẹn tó fẹ̀ tó mìlímítà 10) mẹ́fà ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ládípọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí èyí tí mo kọ́kọ́ rà níbòmíì já mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń dè é mọ́ ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀, kò! ló dún, orí ẹ̀ wà nínú sípánà, ìyókù há sínú irin, odindi ọjọ́ kan la fi yọ ọ́. Mo wá wo orí ẹ̀ dáadáa, ó ń dán bí orí àpárí, kò sí nọ́ńbà kankan.

Tuntun yìí, 8.8 hàn gedegbe lórí ẹ̀ pẹ̀lú àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é. 8 àkọ́kọ́ yẹn ní ó máa gbà tó 800 MPa (òṣùwọ̀n agbára tó ń fa irin lórí ìwọ̀n àyè kan) kó tó já, tẹ̀yìn ní tó bá ti dé bíi ìdá 80 nínú 100 ìyẹn, ó máa fà, kò sì ní padà sípò mọ́. Bàbá tó ń tà á ní, "Ọmọ mi, má fi agbára dè é o, wá torque wrench." Ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tá a fi ń dè é. M10 8.8 tí ara ẹ̀ gbẹ, bíi 45 sí 50 Nm (òṣùwọ̀n agbára ìdè yẹn) ti tó, M8 bíi 25, tó o bá fi ọ́ìlì sí i, dín in kù, torí yíyọ̀ yẹn máa jẹ́ kó fà ju bó ṣe yẹ lọ.

Wáṣà wọn ló bí mi nínú, ó fẹ́lẹ́ jù, méjì ti tẹ̀, owó ẹ̀ náà ò sì kéré. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ò gbọ̀n mọ́, màá padà lọ ra M12.