Mo lọ gbọ́ ẹgbẹ́ olórin 22 tó fi kọ̀ǹpútà kún ìlù l'Óṣogbo

Ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, etí ọmọ onílù ni mo fi gbọ́ eré yìí. Èèyàn 22 ló wà lórí ìtàgé: dùndún, bàtá, bẹ̀m̀bẹ́ tí a fi ń bọ Òṣun, agídìgbo, gòjé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń gba ohùn wọn, tó ń lọ́ ọ, tó sì ń dá a padà. 3,000 náírà ni mo san lórí ara mi, mo san ti Màámi pẹ̀lú. Aago méje ni wọ́n dá, aago mẹ́jọ ti kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin yẹn fi téèpù lẹ makirofóònù kékeré kan mọ́ etí ìyá ìlù, níbi tí ṣaworo wà. Onílù kàn mi ìlù náà ni, kò tíì fi kọ̀ǹgọ́ kàn án, la bá ń gbọ́ ṣaworo bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, tó ń ti ẹ̀yìn wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màámi gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Lẹ́yìn èyí ni gúdúgúdú wọlé. Bàbá tó ń lù ú ti fi àtàǹpàkò tẹ ìda ojú rẹ̀ títí, wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi bílálà méjèèjì lù ú, ara mi bú gàgà. Ẹ̀rọ kankan ò kan ìyẹn, kò sì yẹ kó kàn án.

Agídìgbo náà dára. Kọ̀ǹpútà ń tún un sọ léraléra títí ẹyọ kan fi dà bíi mẹ́wàá, bàtá wá ń jó lórí rẹ̀.

Ohun tó dùn mí wọ akínyẹmí ara ni ìgbà tí ìyá ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìlú: Òṣogbo Òròkí, ìlú aró. Wọ́n da ìró tó ń padà bọ̀ bí ohùn inú ihò àpáta lé e lórí. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Tí ohùn òkè tí wọ́n ti lù kọjá bá ń padà bọ̀ lásìkò tí ohùn ìsàlẹ̀ ń jáde, ọkọ̀ lè di ọkọ́ létí ẹni. Màámi tẹ̀ sí mi létí: "Kí ni wọ́n ń wí?" Màámi tó ń gbọ́ ìlù láti kékeré! Ìlú tí Dúró Ládipọ̀, gbajúmọ̀ eléré ìtàgé, ti dá Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré, sílẹ̀ ní 1962, tó gbé bàtá àti dùndún gun ìtàgé, tí gbogbo èèyàn sì gbọ́ ohun tí ìlù wí, ni wọ́n ti ṣe èyí.

Mo lọ bá bàbá oníyàá-ìlù lẹ́yìn eré. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Oríkì yẹn ò yé wa."

"Ọmọ Àyàn ni ẹ́, àbí? Èmi gan-an ò gbọ́ ara mi. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo ń lù."

Wọ́n pe ọmọbìnrin náà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Tó bá ti di oríkì, màá pa ìró tó ń padà bọ̀ yẹn."

Màámi ti ní àwọn máa bá mi lọ nígbà mìíràn. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, iwájú lọ́dọ̀ onígúdúgúdú ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ jìnnà sí sípíkà.