Príńtà tí mo fowó mi rà, tó wá ń gbọ́ ti ẹlòmíì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe business centre, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra príńtà lésà tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Àkọkà ni ṣọ́ọ̀bù mi, kò jìnnà sí géètì UNILAG, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bá àwọn ọmọ tẹ project, tí mo ń ṣe fọ́tókópì, tí mo ń báìńdì, iṣẹ́ yìí la fi ń jẹun nílé mi.

Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, ₦185,000. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́ dáadáa: lẹ́tà ẹ̀ dúdú, ó ń yára, kì í fa bébà méjì pọ̀, ó tún ní Wi-Fi táwọn ọmọ fi ń tẹ nǹkan látorí fóònù wọn. Oṣù mẹ́rin gbáko, mi ò ráhùn.

Ọ̀rọ̀ tónà, páúdà tí príńtà fi ń tẹ̀wé, ló bà á jẹ́. Original ẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe príńtà ṣe, ₦90,000, á tẹ bébà bíi 1,500. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ₦60 lórí bébà kan nìyẹn, a ò tíì ka owó bébà, a ò ka epo jẹnẹrétọ̀, ₦50 la sì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Compatible, èyí tí ilé iṣẹ́ míì ṣe, ₦20,000, iye bébà kan náà. Gbogbo àwa tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ládùúgbò, òun là ń lò, príńtà sì ń gbà á, a ò jà.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Wednesday kan. Wọ́n mú iná wá lóru, mi ò pa príńtà, ó sì wà lórí Wi-Fi. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ọmọbìnrin kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, project ọdún ìkẹyìn ni, ẹ̀dà mẹ́ta, wọ́n ní kó fi sílẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Mo tẹ̀ ẹ́. Iná pupa. Ó kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé òun ò dá tónà yìí mọ̀, kí n lọ fi original sí i. Tónà tó tẹ bébà tó lé ní igba lánàá! Mo yọ ọ́, mo mì ín, mo dá a padà, mo pa á, mo tún tàn án, kò gbà. Ọmọ yẹn ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbìyànjú", omi ti lé sójú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi ni mo mú un lọ nígbẹ̀yìn, ó wá padà wá báìńdì lọ́dọ̀ mi, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ń tì mí.

Mo pe customer care, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi gbọ́ orin kẹ́nì kan tó gbé e. Ó ní update ló wọlé lóru, pé nítorí ààbò mi ni. Mi ò bèèrè update, wọn ò bi mí, wọn ò sì lè dá a padà sí bó ṣe wà. Tí alápatà bá ta ẹran fún mi l'ọ́jà, ṣé ó yẹ kó tẹ̀lé mi délé wá sọ ìkòkò mi kalẹ̀ torí pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni mo ti ra ata?

Engineer tí mo gbé e lọ bá ní Otigba yọ tónà yẹn, ó yí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sókè, ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan hàn mí, kò tó èékánná ìka kékeré, ó ní ojú tó ń dán bíi wúrà. Ṣíìpù ni, òun ni príńtà fi ń dá tónà mọ̀. Ó ní "Àǹtí, kò sí nǹkan tó ṣe páúdà inú ẹ̀, eléyìí ni wọ́n ń bá jà."

HP kọ́ ló ṣe príńtà tèmi o, àmọ́ àwọn náà ṣe irú ẹ̀ nígbà kan táyé gbọ́. Lọ́jọ́ 13 oṣù September 2016, ọ̀pọ̀ príńtà wọn kàn ṣàdédé kọ ìǹkì tí ilé iṣẹ́ míì ṣe. Àwọn èèyàn pariwo, HP tọrọ àforíjì lóṣù yẹn náà, wọ́n ṣèlérí update tó máa yọ ọ́, síbẹ̀ wọn ò jáwọ́ ńbẹ̀, Dynamic Security ni wọ́n ń pè é. Èyí tó dùn mí jù ni ti Canon. Ní 2022, ṣíìpù wọ́n láyé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tónà original tí kò ní ṣíìpù, príńtà wọn sì ń kìlọ̀ fáwọn oníbàárà pé tónà yẹn kì í ṣe ojúlówó. Canon fúnra wọn ló wá kọ́ àwọn oníbàárà wọn ní Jámánì bí wọ́n ṣe máa fo ìkìlọ̀ yẹn kọjá, wọ́n ní kò ní ba ìtẹ̀wé jẹ́ rárá. Tí kò bá ba nǹkan kan jẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ṣíìpù dí wa lọ́nà?

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún príńtà yìí, torí lẹ́tà ẹ̀ nìkan. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ wọ settings ẹ̀ kẹ́ ẹ pa auto update kẹ́ ẹ tó fi sórí Wi-Fi rárá. Engineer ti bá mi wá compatible míì tí ṣíìpù ẹ̀ jẹ́ tuntun, ₦27,000, príńtà gbà á. Wáyà ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, Wi-Fi tí mo torí ẹ̀ rà á, mo ti pa á.