Ìjàpá Màmá mi padà sílé: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń sọ mọ́tò àtijọ́ dọ̀tun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí Ìjàpá Màmá mi ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń rìn lójú títì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn pé ni, kí n má baà fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, oṣù mẹ́wàá ni wọ́n lò. Tí ẹ bá bi mí bóyá màá tún gbé mọ́tò fún wọn, màá gbé e fún wọn, àmọ́ rẹwáyà tèmi, ẹni tó ń ṣe wáyà iná mọ́tò, ni màá mú dání lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìbàdàn ni wọ́n wà, ìyẹn náà tó.

Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ò mọ Ìjàpá: Volkswagen Beetle ni, mọ́tò tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí rogodo bí igbá ahun, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù ẹ̀ wà níwájú. Jámánì ni wọ́n ti ṣe tiwa ní 1973, ọdún méjì ṣáájú kí Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ékòó níbí. Nọ́ọ̀sì ni Màmá mi nígbà yẹn, l'Abẹ́òkúta. Lóònù ìjọba ni wọ́n fi rà á, owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, ni wọ́n fi san gbèsè ẹ̀ tán. Láti 2004 ló ti dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sàba, ó pa á, ó kó ọmọ ẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù wá lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, omi ìfọṣọ ni Màmá mi fi lé wọn.

Mágínẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ kí ọkàn mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yìí. Ní ṣọ́ọ̀bù méjì tí mo kọ́kọ́ dé, ojú lásán ni wọ́n fi wo mọ́tò tí wọ́n fi pe owó. Níbí, bàbá páńẹ́ẹ̀lì-bítà kan tó ti lé ní 60 ọdún yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré jáde lápò, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò. Ó fi àkísà wé e kó má baà ha ọ̀dà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lára mọ́tò jẹ́jẹ́. Ibi tí irin bá wà, á lẹ̀ mọ́ ọn gbàgì. Ibi tó bá jẹ́ bọ́dì-fílà ni wọ́n fi dí ihò, á yọ̀ bọ́rọ́. (Fílà tí mo wí kì í ṣe fìlà orí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gbogbo ara mọ́tò yẹn.) Ibi mọ́kànlá ló ti yọ̀. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ẹ̀ po, títí mọ́tò fi dà bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà. Bàbá wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ̀yìn Ìjàpá gidi rèé. Bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ló ń ya."

Wọ́n ha gbogbo fílà yẹn kúrò dé orí irin kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iye owó. Ẹni bá ti ṣe mọ́tò rí á mọ̀ pé èyí kò wọ́pọ̀.

Ilẹ̀ mọ́tò ló burú jù. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, ásíìdì tó ti ń kán láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti jẹ irin abẹ́ ẹ̀ tán. Mo na ọwọ́ síbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ni ọwọ́ mi bà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní tiyín, ẹ wá nǹkan fi bo orí bátìrì yẹn dáadáa. Tí ẹni tó sanra bá jókòó lé e, sípíríìn ìjókòó lè kan orí bátìrì, kí iná sì ṣẹ́ yọ lábẹ́ ìdí onítọ̀hún.

Bí wọ́n ṣe ṣe ilẹ̀ yẹn ni mo fi ń kan sáárá sí wọn títí dòní. Wọn kò jó ara Ìjàpá mọ́ ilẹ̀ ẹ̀ látilẹ̀, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì yíká, ọkùnrin mẹ́jọ rọ̀gbà yí i ká, wọ́n gbé odindi ara mọ́tò kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ẹni ṣí ọmọrí ìkòkò. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Jórinjórin gé irin jíjẹ kúrò títí tó fi kan irin tó le, ó wọn páànù tuntun, ó tẹ ìlà-ìlà sí i bíi ti tẹ́lẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó o pọ̀. Kò jó o lọ gbọọrọ. Á jó o díẹ̀ níhìn-ín, á dìde, á lọ jó o díẹ̀ lódìkejì, á dúró kó tutù. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ ló ń fà gùn ni. Ó ní tí òun bá jó o lọ láìdúró, ooru á ká páànù náà, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́ láyé. Nígbà tí wọ́n dá ara mọ́tò padà sí i, ilẹ̀kùn méjèèjì pa dé pẹ̀lú ìka kan.

Inú àlàfo kan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni ọmọ iṣẹ́ kan ti rí kọ́bọ̀ kan tí wọ́n kọ 1973 sí. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e fún mi. Ọmọ yẹn lè ti jù ú nù.

Ọ̀rọ̀ sísọ mọ́tò di ti ìgbàlódé ló fa àríyànjiyàn. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́kùnrin tí ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá, ti ní àwòrán nínú fóònù ẹ̀: ríìmù ńláńlá, tẹlifíṣọ̀n níwájú, ìjókòó aláwọ funfun, iná búlúù lábẹ́ mọ́tò bíi ti ilé ọtí. Èyí tó ń dùn ún jù ni kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, kí wọ́n fa ti Toyota sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sì ń kọjú sí tó bá ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń sanwó. Mo pe Màmá lórí fóònù.

"Sọ fún un," ni Màmá wí, "pé tí mi ò bá gbọ́ ohùn mọ́tò mi láti kọ́nà, kì í ṣe mọ́tò mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Toyota parí sí. Àmọ́ kí n sọ òtítọ́, èmi náà fẹ́ AC, ọ̀gá yìí kan náà ló sì kọ̀ fún mi. Ó ní agbára ẹṣin 44 péré ni ẹ́ńjìnnì 1300 yìí ní, atẹ́gùn ló sì ń fẹ́ ẹ kó tó tutù, kò ní omi, kò ní ráyétọ̀. Tí AC bá tún gùn ún lẹ́yìn, òkè Abẹ́òkúta á máa bù ú lẹ́sẹ̀, á sì tètè gbóná kú. Ó lè ti gba owó mi kó dákẹ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un ní ọjọ́ yẹn.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, wọ́n tú u palẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a ò ní rí sípíà ẹ̀, ṣùgbọ́n Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe Ìjàpá ní Fusca, ṣe é títí di 1996, Mexico ló sì ṣe èyí tó kẹ́yìn láyé ní 2003. Nítorí náà, písítìnnì tuntun ṣì ń bẹ, ẹni bá mọ ẹni tó ń kó o wọlé ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi dúró dè é, mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀bi wọn. Nínú dísítíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, wọ́n yọ kọ́ńtáàtì-sẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì kékeré kan rọ́pò ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Màmá a máa fi pépà yanrìn ha kọ́ńtáàtì yẹn ní òwúrọ̀ ọyẹ́, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù funfun lọ́rùn wọn, kí mọ́tò tó jí. Ní báyìí, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dáhùn. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ò ní rí i pé nǹkan kan yí padà. Wọ́n fi ọtanétọ̀ rọ́pò dáínámò tó ń ṣe iná fún mọ́tò, iná iwájú kò rẹ̀ mọ́ tí a bá dúró nínú gò-sílóò. Bíréèkì iwájú ti di dísìkì. Dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ kan á wà lórí bíréèkì, àdúrà á wà lẹ́nu.

Ọ̀dà? Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n rí àwọ̀ àtètèkọ́ṣe ẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn kò dé. Ó dára. Àmọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún fi díẹ̀ dúdú ju ti òsì lọ tí ẹ bá wò ó lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́ tí a lọ gbà á, Màmá tẹ̀lé mi. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dọ̀bálẹ̀, "Ẹ káàbọ̀, Màmá." Màmá yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣí iwájú, wọ́n bojú wo táyà sípíà.

"Páìpù mi dà?"

Kò sẹ́ni tó mọ páìpù tí wọ́n ń wí. Màmá wá ṣàlàyé fún wọn pé atẹ́gùn inú táyà sípíà ló ń ti omi tó ń fọ gíláàsì iwájú, pé páìpù rọ́bà tínínrín kan ló so wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti yọ ọ́ dànù, wọ́n rò pé ẹnì kan ló kàn so ó síbẹ̀ lásán. Ọ̀gá fọwọ́ borí. Ìyá ẹni ọdún 78 ló kọ́ wọn níṣẹ́ ní ọ̀sán yẹn, wọ́n sì rí òmíràn so kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibi tí mo ti bínú rèé. Ní ọjọ́ kẹrin, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, bí a ṣe ń súnmọ́ Ọ̀dẹ́dá lálẹ́, òórùn rọ́bà jíjó gba inú mọ́tò. Èéfín ń jáde lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo pa á, mo sáré gbé ìjókòó ẹ̀yìn, mo yọ orí bátìrì. Ohun tó fà á ni ibi tí a ti ń ṣájì fóònù tí mo ní kí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù. Rẹwáyà wọn ti bọ́ awọ wáyà méjì, ó lọ́ wọn mọ́ra, ó fi sẹ́lótéèpù wé e, ó sì fà á tààrà láti ìdí bátìrì láìfi fíúùsì (ohun tó ń gé iná kí wáyà tó jó) sí i. Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta láti jó ilẹ̀ kan kó má ká, wọ́n wá fẹ́ fi sẹ́lótéèpù pa wá.

Ọ̀gá wá fúnra ẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, l'Abẹ́òkúta. Ó tú gbogbo wáyà tuntun, ó fi fíúùsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi rìléè sí iná iwájú, kò gba kọ́bọ̀. Kò sì tọrọ àforíjì. "Àwọn ọmọ yìí náà ni" ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ó dín díẹ̀ ni mo ná. Ẹ ó ní ǹ bá fi owó yẹn wá tọ́kùnbọ̀ tó ní AC, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi. Tí irin ara mọ́tò yín bá ti jẹ, ẹ gbé e fún wọn, ẹ má bẹ̀rù. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó ní í ṣe pẹ̀lú iná, ẹ ní kí wọ́n ṣí i hàn yín kí wọ́n tó dé dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì ka fíúùsì. Ẹ má san ju ìdajì owó lọ kí ọ̀dà tó gbẹ.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gbé e padà lọ nítorí ilẹ̀kùn ọ̀tún. Màmá ní àwọn máa bá mi lọ, wọ́n ní páìpù tí wọ́n so yẹn ti ń jò.