Dẹkódà kébù: ká rà á ni, àbí ká máa yá a lò?

Ọdún márùn-ún ni mo fi yá dẹkódà lò kí n tó ra tèmi, ojú mi ti rí méjèèjì. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àwòrán tó mọ́ kedere rárá: wáyà kan náà ló ń gbé e wọlé, ojú ò ní mọ èyí tí a yá yàtọ̀ sí èyí tí a rà.

Owó ńkọ́? Ẹ mú iye tí wọ́n ń ta dẹkódà, kí ẹ fi owó ìyálò oṣù kan pín in. Bó bá jẹ́ 20 ló jáde, a jẹ́ pé láti oṣù kọkànlélógún lọ, ẹni tó yá a ti ń san owó ohun tí kò ní di tirẹ̀ láé. Ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ń san án lọ́nà mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, sẹ́nétọ̀ méjì, Ed Markey àti Richard Blumenthal, bi àwọn ilé-iṣẹ́ kébù léèrè. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2015 ni pé, tí a bá pín in dọ́gba, ìdílé kan ń san bíi dọ́là 231 lọ́dún lórí ìyálò nìkan.

Bó bá bàjẹ́, wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ èyí tí ẹ yá lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ẹ rà, tí gáráńtì rẹ̀ ti tán, ọrùn yín ló wà. Ìyálò borí níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ gbogbo eré tí ẹ bá gbà sílẹ̀ sínú dẹkódà ìyálò, ẹ óò kó o fún wọn tòun ti dẹkódà ni.

Ọ̀rọ̀ ìdápadà yìí gan-an ló dùn mí. Nígbà tí mo ń kó kúrò nílé, mo gbé dẹkódà wọn lọ sí ọ́fíìsì fúnra mi. Ẹni tó gbà á ní, “Ó ti parí, ẹ máa lọ.” Mo lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, bíìlì dé: owó dẹkódà tuntun, wọ́n ní mi ò dá tiwọn padà. Ẹ̀rọ ọlọ́dún márùn-ún, ẹ̀rọ tí mo ti san owó rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ! Mo pè wọ́n títí, ẹni tó bá gbé fóònù á ní kí n tún ìtàn náà sọ látìbẹ̀rẹ̀, á wá bi mí pé, “Rìsíìtì yín dà?” Mo sanwó ọ̀hún nígbẹ̀yìn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ìparí 2019 kò gbà kí wọ́n máa gba owó ìyálò lórí ẹ̀rọ tí oníbàárà ti dá padà. Ó dára, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n pé ẹ ti dá a padà? Tí ẹ bá máa yá a, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Lọ́jọ́ ìdápadà, ẹ má kúrò níwájú wọn títí wọ́n á fi fún yín ní ìwé tí nọ́ńbà yẹn wà lára rẹ̀. Ẹ ka rìmóòtù àti wáyà iná mọ́ ọn.

Rírà náà ní tirẹ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹni tó ń yáni ní ṣòkòtò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò ó bóyá òun á jẹ́ ká wọ tiwa wọlé. Òfin 1996 ní Amẹ́ríkà ló ṣínà fún ríra ti ara ẹni, òun ló bí CableCARD, káàdì tí a ń ki bọ dẹkódà tí a fowó ara wa rà kó lè ṣí ìkànnì kébù. Ní 2020, FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, mú un kúrò pé dandan ni kí ilé-iṣẹ́ pèsè káàdì náà. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó rà: ṣé wọ́n ṣì ń fúnni ní káàdì? Ṣé wọ́n máa gba irú dẹkódà yìí sórí àkáǹtì yín? Ẹ má sì ra àlòkù tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kébù lára. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹrù ìyálò ẹlòmíràn, wọn ò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún yín.

Ẹni tí kò ní lò ju ọdún kan lọ, kó yá a. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ dẹkódà àjèjì pátá, kó yá a, kó tọ́jú rìsíìtì. Ẹni yòówù tó kù, kó ṣírò oṣù rẹ̀ dáadáa. Ní tèmi, nígbà tí mo tún kó ilé, mo yọ wáyà ẹ̀yìn dẹkódà mi, mo gbé e sáàárín aṣọ, mo bá tèmi lọ.